Fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń kọ́ bírìjì Golden Gate: báwo la ṣe máa mọ èyí tó ṣáájú?

Tíṣà Físíìsì Ìjerò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ẹnjiníà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fọ́tò àtijọ́ pọ̀ níbí, ẹ dákun ẹ gbà mí. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì tó ti wà l'Amẹ́ríkà báyìí ló kó fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, dúdú àti funfun ló pọ̀ jù nínú wọn, fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń kọ́ bírìjì Golden Gate ní San Francisco, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1933 tí wọ́n sì ṣí ní 1937. Wọ́n wù mí débi pé mi ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé. Mo fẹ́ tẹ̀ wọ́n kí n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì SS2 tá a bá wọlé, torí tí mo bá ti dé ibi tension, ìyẹn agbára tó ń fa okùn le, báyìí, ojú àwọn ọmọ máa ń ṣú ni, ilà tí mò ń fà sójú bọ́ọ̀dù ò sọ nǹkan kan fún wọn.

Àmọ́ kò sí déètì lára èyíkéyìí, wọn ò sì tò wọ́n, bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ṣe kó wọn ránṣẹ́. Mo ti gbé mélòó kan síbí kẹ́ ẹ lè rí i. Nínú àkọ́kọ́, òpó gíga kan ṣoṣo ló dá dúró, òdìkejì ò ní nǹkan kan àfi omi. Nínú èkejì, òpó méjèèjì ti dúró, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá lọ látorí ọ̀kan sí orí ìkejì, àwọn èèyàn ń rìn lórí ẹ̀, wọ́n kéré débi pé mo ní láti fẹ fọ́tò náà kí n tó mọ̀ pé èèyàn ni. Ìkẹta ló dá ìjà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwa tíṣà: títì ti ń jáde lára òpó kọ̀ọ̀kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ṣùgbọ́n kò tíì kan ilẹ̀ rárá, àárín sì ṣófo gbàgàdà. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní àgíríìkì ní fọ́tò ayédèrú ni, ó ní ta ló ń bẹ̀rẹ̀ bírìjì láti àárín omi, ṣé kì í ṣe etí odò ni gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní bírìjì tí wọ́n fi okùn so kọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó wà lórí odò Ureje l'Adó, ó ní òun gbọ́, kí n wá sọ ìdí ẹ̀. Ìdí ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín.

Ọ̀kan tún wà, àwọn ọkùnrin jókòó sórí irin wọ́n ń jẹun, ẹsẹ̀ wọn ń fì lófuurufú. Ṣé bírìjì yẹn náà nìyẹn? Àti pé ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe gbé okùn àkọ́kọ́ kọjá irú omi bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ẹnjiníà Adó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o. Iṣẹ́ títì àti bírìjì ni mo ṣe kí n tó rẹtáyà, irú ìbéèrè báyìí máa ń mú inú mi dùn gan-an. Ẹ má wá déètì kiri, ara bírìjì gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ohun tó ti wà nídùúró àti ohun tí kò tíì sí níbẹ̀ ló máa sọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò náà fún yín.

Ẹ mú èyí tó ní òpó kan. Òpó ìhà àríwá nìyẹn, ti agbègbè Marin, etí ilẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀ wà, kò fún wọn ní wàhálà púpọ̀, àárín 1934 ni wọ́n parí irin ẹ̀. Ti ìhà gúúsù, lápá San Francisco, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Inú òkun gidi ni ìpìlẹ̀ yẹn, ó fi bíi 335 mítà jìnnà sí etíkun, ìgbì Pacific ń gbá a tọ̀sán tòru. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ̀nà kan wọ inú omi lọ kí òṣìṣẹ́ àti kọnkéré lè débẹ̀, ní oṣù kẹjọ 1933 ọkọ̀ ojú omi kan ṣìnà nínú kùrukùru, ó sì kọ lu ọ̀nà yẹn ó já a, wọ́n tún un ṣe, kò pẹ́ púpọ̀ ìjì tún wó o. Wọ́n wá mọ ògiri kọnkéré ràgàjì yí ojú ibẹ̀ ká nínú omi, wọ́n fa omi inú ẹ̀ gbẹ, àárín ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìpìlẹ̀ òpó. Ìdí tí òpó kejì fi pẹ́ nìyẹn, oṣù kẹfà 1935 ló tó parí. Torí náà fọ́tò èyíkéyìí tí òpó kan bá ti ga tán tí èkejì ò sí níbẹ̀ rárá, 1934 ni kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ẹ tún lè sọ fún àwọn ọmọ pé 1933 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n dá Christ's School sílẹ̀ níbí l'Adó, á jẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Òpó yẹn ga tó 227 mítà láti ojú omi. Pennsylvania ni wọ́n ti ṣe irin ẹ̀, òdìkejì Amẹ́ríkà pátápátá, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e gba Panama Canal wá.

Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ rí èèyàn lórí ẹ̀ yẹn, títì kọ́. Ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ni, tí wọ́n máa tú kúrò tó bá yá, wọ́n nà án sábẹ́ ibi tí okùn ńlá máa gbà káwọn òṣìṣẹ́ lè ríbi dúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ fọ́tò náà dáadáa ẹ máa rí kẹ̀kẹ́ kan tó ń gbé wáyà lọ tó ń gbé e bọ̀ lókè orí wọn. Wọn ò gbé okùn ńlá yẹn wá lódindi o, kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé e. Wáyà tí kò nípọn tó pẹ́ńsù ni wọ́n ń nà díẹ̀díẹ̀, láti inú kọnkéré ńlá tí wọ́n so orí wọn mọ́ lápá kan, gba orí òpó méjèèjì, títí dé kọnkéré apá kejì, tí kẹ̀kẹ́ á tún yí padà. 27,572 wáyà ló wà nínú okùn kọ̀ọ̀kan, okùn méjì ló sì wà. Wọ́n dì wọ́n ní ìdì 61, ẹ̀rọ wá fún ìdì yẹn pọ̀ gbagidi títí ó fi di roboto, ìbú ẹ̀ tó 92 sẹ̀ǹtímítà. Tẹ́ ẹ bá so gbogbo wáyà okùn méjèèjì mọ́ra wọn, ó tó 129,000 kìlómítà, ó lè yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta kó tún ṣẹ́kù. Apá ìparí 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, oṣù karùn-ún 1936 ni wọ́n parí ẹ̀.

Ó wá ku èyí tó dá ìjà sílẹ̀. Ẹ bá mi kí tíṣà àgíríìkì, ẹ sọ fún un pé òótọ́ ni fọ́tò yẹn. Bírìjì orí Ureje, ìsàlẹ̀ ni nǹkan tó gbé e wà, kò sóhun tó ní kẹ́ ẹ má ti etí odò bẹ̀rẹ̀. Ní ti èyí, okùn ló gbé títì, orí òpó sì ni okùn gbé gbogbo ẹrù yẹn lé. Tí wọ́n bá so títì sí apá kan ṣoṣo, okùn apá ibẹ̀ á fa orí òpó, òpó á sì tẹ̀. Ẹ wo ẹni tó fi igi gbé garawa méjì kọ́ èjìká, tẹ́ ẹ bá pọn omi kún ọ̀kan tẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀ lófìfo, ṣé kò ní yẹ̀ ni? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lára òpó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń so ó lọ sápá àárín omi, wọ́n ń so ó lọ sápá ilẹ̀, kí méjèèjì lè máa bára wọn dọ́gba. Oṣù keje 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, oṣù kọkànlá ni wọ́n pàdé láàárín. Ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn ò lè ṣáájú oṣù keje, kò sì lè kọjá oṣù kọkànlá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò Joseph Strauss níbẹ̀, òun lọ̀gá ẹnjiníà, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ Charles Ellis sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló jókòó ti ìṣirò bírìjì yìí ní oṣù lórí oṣù, Strauss lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1931, wọn ò sì fi orúkọ ẹ̀ sára wàláà tí wọ́n gbé síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i. 2012 ni wọ́n tó gbé wàláà tiẹ̀ síbẹ̀, ó ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìṣirò yẹ kí wọ́n mọ orúkọ ẹ̀.

Sífíìlì Poly Adó

Bàbá ẹ kú àlàyé sir, mo ti fi pamọ́ sórí fóònù mi. Tíṣà, lórí ọ̀rọ̀ okùn àkọ́kọ́, ti Golden Gate ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi fà á láti apá kan dé apá kejì, wọ́n ní kí ọkọ̀ mìíràn má gba ojú omi yẹn kọjá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Niagara ní 1848, torí omi ibẹ̀ ń sáré nínú àfonífojì jíjìn, ọkọ̀ ò lè gbà á. Wọ́n kéde pé ẹni tó bá lè fi káìtì gbé okùn kọjá máa gba ẹ̀bùn owó, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Homan Walsh ló ṣe é, okùn káìtì yẹn ni wọ́n so okùn tó nípọn jù ú lọ mọ́ tí wọ́n fà á kọjá, wọ́n tún so èyí tó tún nípọn ju ìyẹn lọ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan okùn irin. Ẹ sọ ìyẹn fún SS2 kẹ́ ẹ wá wò bí kíláàsì á ṣe gbóná.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sir, ṣé Lekki-Ikoyi náà wà lára irú bírìjì yìí? Àwa kan ń jiyàn ẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Bàbá Ẹnjiníà Adó

Rárá o, ọmọ mi. Ti Lekki-Ikoyi tí wọ́n ṣí ní 2013, wo fọ́tò ẹ̀ dáadáa, ṣé o rí okùn ńlá kankan tó rọ̀ dòò láàárín? Ara òpó ni wáyà ẹ̀ ti lọ tààrà sára títì, gbọnrangandan. Ti Golden Gate, okùn ńlá ló kọ́kọ́ lọ, okùn kéékèèké wá ń sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀ wá gbá títì mú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ wá fọ́tò bírìjì Matadi ní Kóńgò, ti 1983, àwọn ará Japan ló bá wọn kọ́ ọ, tàbí Maputo-Katembe ní Mòsáḿbíìkì, 2018 ni wọ́n ṣí ìyẹn, àárín òpó ẹ̀ méjèèjì jẹ́ 680 mítà. Ti Golden Gate jẹ́ 1,280 mítà, kò sì sí èyí tó gùn jù ú lọ láyé títí di 1964.

Fọ́tò Ìkéré

Ẹ kú ìjókòó o. Tíṣà, ẹ yọ fọ́tò àwọn tó ń jẹun yẹn kúrò níbẹ̀ kíákíá. Kì í ṣe bírìjì kankan, ilé gíga ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, Rockefeller Center ní New York, oṣù kẹsàn-án 1932 ni wọ́n yà á, kódà wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ Golden Gate rárá nígbà yẹn. Gbogbo ibi ni wọ́n ń gbé fọ́tò yẹn lé, tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì, àwọn ọmọ á gbé e kiri títí wọ́n á fi dàgbà.

Ẹ tún yẹ àwọn yòókù wò. Ìgbà kan náà ni wọ́n ń kọ́ Bay Bridge, ìlú kan náà, oṣù kọkànlá 1936 ni wọ́n ṣí ìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó fọ́tò méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ẹ wo òpó lókè títì. Tẹ́ ẹ bá rí irin tó dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X, Bay Bridge ni. Ti Golden Gate, irin tó lọ tààrà láti ẹsẹ̀ òpó kan sí èkejì ló wà lókè títì, ìsàlẹ̀ títì nìkan ni X ẹ̀ wà. Mo ti wo èyí tẹ́ ẹ gbé síbí, ìkẹrin, Bay Bridge nìyẹn, kì í ṣe tiwa.

Mo fẹ ìkarùn-ún dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀yin ará ẹ wò ó. Ọkùnrin kan dá dúró lórí okùn ńlá, spanner ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá ẹ̀, ẹsẹ̀ kan wà níwájú ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn, ṣòkòtò ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojúgun lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ó sì wú lápá kejì. Bátánì ń dán lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ pátápátá, kùrukùru ti bo ẹsẹ̀ òpó, orí òpó nìkan ló yọ. Ẹni tó ya fọ́tò yẹn, orí okùn lòun náà dúró sí, kò sí bó ṣe lè rí i látilẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣeé ṣe ni pé kámẹ́rà kékeré tó ń lo fíìmù ti jáde nígbà yẹn. Ọ̀dọ́ kan wà tó ń jẹ́ Peter Stackpole, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ lọ, Leica ló gbé kọ́ ọrùn tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ gòkè lọ, 1936 ni ìwé ìròyìn LIFE gbà á síṣẹ́ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ẹ fi ìyẹn wé fọ́tò Brooklyn Bridge ti 1876, gíláàsì tí wọ́n fi oògùn pa tó ṣì tutù ni wọ́n ń fi ya fọ́tò láyé ìgbà yẹn, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gba àwòrán, torí náà ẹni tó bá mira kò ní hàn dáadáa, ẹ ó rí òpó àti odò kedere ṣùgbọ́n èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ máa wá tì.

Àwọn tí wọ́n kun láwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mi ò ní lò wọ́n tó bá jẹ́ èmi ni. Ẹni tó kùn ún, èrò ọkàn ẹ̀ ló fi kùn ún. Irin yẹn dé láti Pennsylvania pẹ̀lú ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà, ọ̀dà yẹn ni ayàwòrán ilé kan, Irving Morrow, rí tó fi ní kí wọ́n lo irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Dúdú àti funfun ò parọ́ fún yín ní ti ìyẹn.

Èyí tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ mi: ẹ má tẹ èyí tó gba WhatsApp wá, ó ti fún un pọ̀ jù, á kàn máa ṣú lójú ni. Ẹ ní kí ọmọ yẹn fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kẹ́ ẹ lọ sórí ìkànnì Library of Congress, ilé ìkówèésí ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì tóbi. Tẹ́ ẹ bá mú un wá sí Ìkéré, mo máa tẹ̀ ẹ́ fún yín ní iye owó pépà.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Oakland

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, Oakland ni mò ń gbé, mo máa ń gba orí bírìjì yẹn kọjá dáadáa. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ má yọ èyí tó ní àwọ̀n.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ títì, wọ́n na àwọ̀n ńlá sábẹ́ ẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, owó ẹ̀ lé ní 130,000 dọ́là láyé ìgbà yẹn. Àwọn èèyàn ní ìnákúnàá ni. Ohun tí àwọn agbaṣẹ́ṣe gbà láyé ìgbà yẹn ni pé èèyàn kan máa kú fún mílíọ̀nù dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kọ́ nǹkan, bírìjì yìí sì jẹ bíi mílíọ̀nù 35. Ọkùnrin 19 ló já bọ́ tí àwọ̀n gbà wọ́n, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní àwọn tó dé ìdajì ọ̀nà ọ̀run àpáàdì. Ẹnì kan ti kú ní oṣù kẹwàá 1936. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 17 oṣù kejì 1937, ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí, pèpéle tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró lé já, ó wúwo, ó ya àwọ̀n mọ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn sínú omi. Mẹ́wàá kú lọ́jọ́ kan. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀n nínú fọ́tò, 1936 sókè ni. Ẹ tún wo orí wọn, àṣíborí wà níbẹ̀, dandan ni, ẹni tó bá yọ ọ́ wọ́n lè lé e lọ sílé. Mo sọ èyí torí nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, mo rí bíríkìlà tó gun ilé alájà mẹ́ta ní Ajílóṣùn pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, igi tó dúró lé ń mì. Ọmọ èèyàn lòun náà. Nínú SS2 yín yẹn, àwọn kan máa di ẹnjiníà, àwọn kan máa di kọ́ńtírátọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àwọ̀n yẹn dáadáa kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tíṣà Físíìsì Ìjerò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á dá yín sí. Tíṣà àgíríìkì ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá, ó so okùn mọ́ àga méjì ní ọ́fíìsì, ó gbé bọ́tìrì omi kọ́ ọ lápá kan, àga yẹ̀ lójú gbogbo wa, ó ní ó ti yé òun. Àǹtí Oakland, àárín ògiri gan-an ni mo máa fi fọ́tò àwọ̀n sí.

Ó ku ìbéèrè kan. Fọ́tò méjì wà tó dà bíi pé ojú kan náà ni wọ́n ti yà wọ́n, títì ò sí nínú ọ̀kan, ó ti wà nínú èkejì. Mo gbé rúlà lé e lórí, okùn ńlá sún mọ́ omi nínú èyí tó ní títì ju nínú èkejì lọ. Ṣé igun tí wọ́n ti yà á ló fà á ni?

Bàbá Ẹnjiníà Adó

Ẹ káre, Tíṣà, ojú yín dá ṣáká. Kì í ṣe igun. Bí wọ́n ṣe ń so irin títì mọ́ okùn ni ẹrù ń pọ̀ lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àárín ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó ṣe ìṣirò ti mọ ìyẹn ṣáájú, wọ́n jẹ́ kí okùn ga jù bó ṣe yẹ níbẹ̀rẹ̀ kó lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ nígbà tí ẹrù bá pé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi rúlà tiwọn wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sọ ìdáhùn fún wọn o.

Fọ́tò tó ní èrò yìí, tí kò sí mọ́tò kankan, 27 oṣù karùn-ún 1937 nìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀, ó tó 200,000 èèyàn tó rìn ín, ọjọ́ kejì ni mọ́tò tó gorí ẹ̀. Òun ló máa kẹ́yìn lórí ògiri. Ẹ bá mi bi príńsípà yín bóyá wọ́n á gbà kí n wá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn, mo máa wọ mọ́tò wá láti Adó, mo sì máa mú wáyà gidi dání kí wọ́n fọwọ́ kàn án.